Kí Ọmọ Tó Gba Orúkọ: Bí Ìlú Ti Lè Dènà Àrùn Ẹ̀dọ̀ Wíwú

Àrùn kan wà tí àwọn bàbá wa ti mọ̀ láti ayébáyé, tí wọ́n sì sọ ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, nítorí pé ẹyinjú ẹni tí ó bá ń ṣe a máa pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú a sì máa pọ́n bí omi agbo. Ohun tí àwọn àgbà fi ojú rí ni wọ́n fi sọ àrùn náà ní orúkọ, wọn kò sì ṣìnà. Ṣùgbọ́n ojú tí ó pọ́n àti ìtọ̀ tí ó pọ́n kì í ṣe àrùn náà fúnra rẹ̀. Àmì rẹ̀ ni. Inú lọ́hùn-ún ni ìjà gbé ń jà, nínú ẹ̀dọ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àrùn náà a máa gbé inú ẹ̀dọ̀ fún ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún láìjẹ́ pé ojú pọ́n rárá. Èyí ni ó mú kí ó burú. Àwọn oníṣègùn ń pè é ní hepatitis. Àwa yóò máa pè é ní àrùn ẹ̀dọ̀ wíwú nínú ìwé yìí.

Ohun tí ó mú wa mú gègé lọ́wọ́ ni èyí. Nígbà tí a rán àwa kan jáde láti lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, a bá ọmọdékùnrin kan tí ó ń dá jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí ó wà ní ẹ̀yìn pátápátá. A béèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí ìyá rẹ̀ lóyún àbúrò rẹ̀, a yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá náà wò, a sì rí àrùn ẹ̀dọ̀ wíwú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jáde sí àdúgbò. Àwọn òbí yòókù sì wí pé ọmọ àwọn kò gbọdọ̀ bá ọmọ náà jókòó, wọn kò gbọdọ̀ bá a jẹun, wọn kò sì gbọdọ̀ fi ife rẹ̀ mu omi. Ojú ọmọ náà kò pọ́n. Kò sí ẹni tí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wò. Síbẹ̀, bí a bá béèrè ìbéèrè nínú kíláàsì, kì í na ọwọ́ sókè mọ́, bí ó tilẹ̀ mọ ìdáhùn. Àwa pẹ̀lú, kí a má purọ́, dákẹ́ ni a dákẹ́, nítorí a kò mọ èyí tí í ṣe òtítọ́ nínú ohun tí wọ́n ń wí. Láti ìgbà náà ni a ti ń ka ìwé, tí a sì ń bi àwọn nọ́ọ̀sì léèrè. Ohun tí a rí kọ́ ni a kọ sílẹ̀ yìí, kí ẹlẹgbẹ́ wa tí yóò bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pàdé lọ́la má bàa dákẹ́ bí àwa ti dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe. Ìhà ọ̀tún ni ó wà, lábẹ́ egungun ìhà. Òun ni ó ń gba oúnjẹ tí ó ti dà nínú ìfun, tí ó ń tọ́jú èyí tí ara yóò lò lọ́la, tí ó sì ń sọ májèlé di aláìlágbára. Òun ni ó sì ń pèsè òróòro. Bí ẹ̀dọ̀ bá wú, àwọ̀ òróòro a máa ṣẹ́kù sínú ẹ̀jẹ̀, òun ni ó sì ń mú kí ojú pọ́n. Bí wíwú náà bá wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, àpá yóò kún inú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ yóò le bí awọ gbígbẹ, omi yóò máa gbárajọ sínú ikùn, nígbà mìíràn àrùn jẹjẹrẹ yóò sì tẹ̀lé e.

Kòkòrò àìfojúrí ni ó ń fa àrùn tí a ń sọ yìí. Oríṣi márùn-ún ni wọ́n, àwọn oníṣègùn sì fi lẹ́tà òyìnbó márùn-ún àkọ́kọ́ sọ wọ́n ní orúkọ: A, B, C, D, àti E. Ẹnu ni A àti E ń gbà wọlé. B, C, àti D ń gba ọ̀nà ẹ̀jẹ̀; D kò sì lè dá dúró, àfi bí ó bá bá B nínú ara. Ó yẹ kí olùkọ́ mọ ìyàtọ̀ yìí dáradára, nítorí pé bí ọ̀nà àrùn ti yàtọ̀ sí ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn tí ìlú yóò tì mọ́ wọn yàtọ̀.

Ti ẹnu ni ó rọrùn jù láti lóye. Ìgbẹ́ aláìsàn bọ́ sínú omi, omi náà sì bọ́ sí ẹnu ẹlòmíràn. Ní ìlú Delhi ní ilẹ̀ Íńdíà, ní òpin ọdún 1955 wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1956, omi ẹ̀gbin dàpọ̀ mọ́ omi odò Yamuna tí àwọn ará ìlú ń mu. Àwọn tí ojú wọn pọ́n nítorí rẹ̀ tó nǹkan bí 29,000. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni a tó mọ̀ pé oríṣi E ni. Oríṣi yìí a máa pa aboyún ju bí ó ti ń pa ẹlòmíràn lọ. Kò sí bí oníṣègùn ìlú kan ti lè gbọ́n tó tí yóò fi oògùn dá irú èyí dúró. Ohun tí ó lè dá a dúró ni omi mímọ́, ṣáláńgá tí ó jìnnà sí kànga, àti ọwọ́ tí a fi ọṣẹ fọ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún oríṣi A. Ṣùgbọ́n níbi tí omi bá ti mọ́, tí ìgbẹ́ sì ti ní ibi tirẹ̀, a ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Ti ẹ̀jẹ̀ ni ó fi ara pamọ́, òun náà ni ó sì ń pa ènìyàn jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2022, ènìyàn mílíọ̀nù 254 ni ó ní oríṣi B lára, mílíọ̀nù 50 sì ní oríṣi C. Àwọn tí àrùn ẹ̀dọ̀ wíwú pa ní ọdún náà sì tó 1,300,000. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, oríṣi B ni ó pa wọ́n.

Inú ẹ̀jẹ̀ àti omi ara ni kòkòrò B ń gbé. Ó lè wọ inú ènìyàn nípa ẹ̀jẹ̀ tí a fà sí i lára láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, nípa abẹ́rẹ́ tàbí abẹ tí a ti lò fún ẹlòmíràn, nípa ìbálòpọ̀ ọkùnrin àti obìnrin, àti láti ara ìyá sí ara ọmọ ní àkókò ìbímọ. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ti gbẹ sí ẹnu abẹ pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè wà láàyè níbẹ̀ fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Awọ ara wa ni ògiri náà.

Nísinsìnyí a dé ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. Bí àgbàlagbà 100 bá kó kòkòrò B, ara àwọn tí ó ju 95 lọ nínú wọn yóò bá a jà, yóò sì lé e jáde. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọmọ tuntun 100 ni ó kó o ní ọjọ́ ìbí, nǹkan bí 90 nínú wọn ni yóò máa gbé e kiri. Ara ọmọ tuntun kò tíì mọ àlejò yàtọ̀ sí ará ilé. Ó gba ọ̀tá wọlé, ó sì jẹ́ kí ó jókòó. Ọmọ náà yóò dàgbà, yóò máa ṣeré, yóò wọ ilé-ẹ̀kọ́, yóò gbé ìyàwó tàbí kí ó lọ sí ilé ọkọ, ara rẹ̀ yóò sì le. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Nígbà tí ó bá di ẹni ogójì ọdún, tí ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wú, àwọn ará ilé yóò máa wá ẹni tí ó ṣe é ní ibi, nígbà tí ó jẹ́ pé ọjọ́ tí a bí i ni ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ pàápàá kò sì mọ̀.

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àrùn, aláìsàn ni í wá oníṣègùn lọ. Nínú èyí, bí oníṣègùn bá dúró de aláìsàn, ẹ̀dọ̀ a ti bàjẹ́ kí aláìsàn tó dé. Nítorí náà kò tó kí ìlú ní oníṣègùn rere àti ilé ìwòsàn ńlá; ó yẹ kí ìlú ní ètò tí yóò lọ bá ẹni tí ara rẹ̀ le ní ilé rẹ̀. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn ènìyàn ti ṣe rí irú ètò bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan wà tí ń jẹ́ Baruch Blumberg, tí a bí ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1925. Kì í ṣe àrùn ẹ̀dọ̀ ni ó ń wá kiri. Ohun tí ó ń wá ni ìdí tí ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn fi yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan dé èkejì. Nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ onílẹ̀ kan ní Australia ni ó ti rí ohun àjèjì kan, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì kéde rẹ̀ ní ọdún 1965. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí a fi mọ̀ pé ara ẹ̀wù kòkòrò B ni ohun náà í ṣe. Nípa èyí, ó ṣeé ṣe láti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó fà á sí aláìsàn lára, ó sì ṣeé ṣe láti pèsè àjẹsára. A fi ẹ̀bùn Nobel dá Blumberg lọ́lá ní ọdún 1976. Ní ọdún 1981 ni Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́, èyí tí a yọ láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ń gbé kòkòrò náà. Ní ọdún 1986 ni a rí òmíràn tí a fi ìwúkàrà ṣe, tí kò gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀wù kòkòrò náà nìkan ni ó wà nínú abẹ́rẹ́ yìí, kòkòrò fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó dàbí ìgbà tí a mú aṣọ olè wá fún ajá ilé kí ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ní ọjọ́ tí olè bá dé, ajá ti mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n oògùn tí ó wà nínú ìgò kò tíì di ètò. Àwọn ará erékùṣù Taiwan, ní ìhà ìlà-oòrùn Éṣíà, ni ó kọ́ ayé ní bí a ti ń sọ ọ́ di ètò. Ní ìgbà náà, nínú àgbàlagbà 100 ní ilẹ̀ wọn, 15 sí 20 ni ó ń gbé kòkòrò B kiri, àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sì ń pa wọ́n púpọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1984, ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aboyún wò káàkiri erékùṣù náà, wọ́n sì ń fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní kòkòrò náà ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ bá lágbára láti ràn án jù, wọ́n a fún un ní abẹ́rẹ́ ìdáàbòbò mìíràn pẹ̀lú kí wákàtí 24 tó kọjá. Ní ọdún 1986 wọ́n sọ ọ́ di ti gbogbo ọmọ tí a bá bí, ìyá rẹ̀ ìbáà ní àrùn náà, ìbáà má ní i. Bí ọmọ bá sì dàgbà tí ó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n a yẹ káàdì rẹ̀ wò. Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò bá pé, wọ́n a mú un pé.

Kí ni èrè rẹ̀? Ní Taipei, olú ìlú wọn, nínú ọmọdé 100, nǹkan bí 10 ni ó ní kòkòrò náà ní ọdún 1984. Ní ọdún 1999 kò tó ẹyọ kan nínú 100. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ láàrin àwọn ọmọ ọdún 6 sí 14 dín kù sí nǹkan bí ìdajì, bí a bá fi ọdún 1990 sí 1994 wé ọdún 1981 sí 1986. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí a fi abẹ́rẹ́ àjẹsára dènà àrùn jẹjẹrẹ. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe oògùn tí ẹlòmíràn kò ní ni Taiwan fi ṣe é. Ètò ni wọ́n fi ṣe é, àti ìwé tí a kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti tàn ká. Ní ọdún 1992, ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé rọ gbogbo ìjọba pé kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ yìí sínú ètò àjẹsára ọmọdé. Ní ọdún 2009, Àjọ náà fi kún un pé kí a fún gbogbo ọmọ ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ láàrin wákàtí 24 tí a bí i. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2022, nínú ọmọ 100 tí a bí ní ayé, 45 péré ni ó rí abẹ́rẹ́ náà gbà ní àkókò; ní ilẹ̀ Áfíríkà, 18 péré ni.

Ní ilẹ̀ wa Nàìjíríà, ọdún 2004 ni abẹ́rẹ́ yìí wọ inú ètò àjẹsára ọmọdé. Lórí ìwé, ètò wa kò kù síbì kan: abẹ́rẹ́ kan ní ọjọ́ ìbí, lẹ́yìn náà mẹ́ta mìíràn ní ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, àti ọ̀sẹ̀ 14, tí a pa pọ̀ mọ́ àjẹsára àwọn àrùn mìíràn nínú abẹ́rẹ́ kan náà. Ọ̀fẹ́ ni ìjọba sì fi í fún ni. Síbẹ̀, ìwádìí tí a ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú àgbàlagbà 100, àwọn tí ó ní oríṣi B lé ní 8. Àwọn tí ó ní oríṣi C lé díẹ̀ ní ẹyọ kan. Ìwádìí mìíràn ní ọdún kan náà sọ fún wa pé nínú ọmọ 100 tí a bí, 39 péré ni a bí sí ilé ìwòsàn tàbí ilé ìgbẹ̀bí ìjọba àti ti aládàáni. Àwọn yòókù, ilé ni a gbé bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Báwo ni abẹ́rẹ́ ọjọ́ ìbí yóò ṣe bá ọmọ tí kò sí ní ibi tí abẹ́rẹ́ gbé wà?

Níhìn-ín ni ó yẹ kí àwa ọmọ Yorùbá ronú. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, ọjọ́ kẹjọ ni a ń kó ọmọ jáde tí a sì ń sọ ọ́ ní orúkọ. Ní ilé púpọ̀, ìyá àti ọmọ kì í jìnnà sí ilé títí ọjọ́ náà yóò fi pé. Àṣà rere ni, nítorí ìyá ní láti sinmi, ọmọ sì ní láti bọ́ lọ́wọ́ òtútù àti èrò. Ṣùgbọ́n kòkòrò B kì í dúró de ọjọ́ ìkómọ. Wákàtí 24 ni a ní, kì í ṣe ọjọ́ mẹ́jọ. Àjẹsára tí a bá fún ọmọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ lè sáré ṣáájú kòkòrò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀ ń dín kù. Kí a tó sọ ọmọ ní Ayọ̀délé, àrùn lè ti sọ ọ́ di tirẹ̀.

A kò wí pé kí a pa àṣà rẹ́. Ohun tí a ń wí ni pé kí ètò ìlú bá àṣà rìn. Bí ìyá àti ọmọ kò bá lè jáde, kí abẹ́rẹ́ ó wọlé tọ̀ wọ́n lọ. Kí a kọ́ àwọn ìyá àgbà agbẹ̀bí pé, ní ọjọ́ tí wọ́n bá gbẹ̀bí ọmọ, kí wọ́n ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì àdúgbò ní ọjọ́ náà gan-an. Kí ilé ìgbẹ̀bí má sì ṣe wí fún ìyá pé kí ó padà wá ní ọjọ́ àjẹsára nítorí pé ìgò kan tó fún ọmọ púpọ̀, tí wọn kò fẹ́ ṣí i nítorí ọmọ kan ṣoṣo. Ìyókù ìgò lè ṣòfò. Ẹ̀dọ̀ ọmọ ni kò yẹ kí ó ṣòfò. Kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo aboyún wò pẹ̀lú, nítorí oògùn oníhóró kan wà tí ń jẹ́ tenofovir, tí a lè fún aboyún tí kòkòrò náà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ó má bàa ràn ọmọ inú rẹ̀.

A kò tíì sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa oríṣi C. Ní ti èyí, ìtàn ilẹ̀ Íjíbítì ni ó yẹ kí a kà, nítorí ó ní ìbànújẹ́ nínú, ó sì ní ìrètí. Láti nǹkan bí ọdún 1950 sí ọdún 1980 àti díẹ̀ lé e, ìjọba Íjíbítì ń gún àwọn ará oko ní abẹ́rẹ́ láti wo àrùn tí ń mú ènìyàn tọ ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń kó nínú omi odò. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kan náà ni a ń lò fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, a kì í sì í sè é dáradára láàrin ẹni kan àti èkejì. Ní ìgbà náà kò sí ẹni tí ó mọ oríṣi C; ọdún 1989 ni a tó dá a mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé ọwọ́ tí ó ń wo àrùn kan ni ó ń pín òmíràn, títí Íjíbítì fi di ilẹ̀ tí oríṣi C gbilẹ̀ jù ní ayé.

Títí di òní, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún oríṣi C. Ṣùgbọ́n láti òpin ọdún 2013 ni irú oògùn tuntun kan ti jáde, tí a ń gbé mì fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, tí ó sì ń wo àwọn tí ó ju 95 lọ sàn nínú 100. Íjíbítì kò dúró de aláìsàn. Ní ọdún 2018 ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pe àgbà jáde káàkiri ilẹ̀ náà láti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn tí a yẹ̀ wò sì ju mílíọ̀nù 40 lọ. Ẹni tí a bá rí i lára rẹ̀ sì gba oògùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé Íjíbítì ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí ó dé ipò wúrà lójú ọ̀nà àtilé oríṣi C jáde. Ilẹ̀ tí ètò àìpé ti pa lára ni ètò pípé wò sàn.

Kí a má ṣe rò pé ti Íjíbítì nìkan ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé tiwa. Abẹ kan náà ni olóólà lè fi dá abẹ́ fún ọmọ márùn-ún ní òwúrọ̀ kan. Abẹ kan náà ni a lè fi sín gbẹ́rẹ́ fún gbogbo ará ilé, láti orí bàbá dé orí ọmọ ọwọ́. Onígbàjámọ̀ a máa fá orí ẹni kan, a nu abẹ rẹ̀ mọ́ aṣọ, a sì pe ẹlòmíràn. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí burú. Ohun tí ojú kò rí ni wọn kò bẹ̀rù. Òfin nìkan kò lè dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbogbo ilé, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ lè dé ibẹ̀. Abẹ tuntun kan fún orí kan, abẹ́rẹ́ tuntun kan fún ara kan: gbólóhùn yìí kò ṣòro fún ọmọ kíláàsì kejì láti há sórí, kí ó sì gbé e lọ sí ilé.

Wàyí o, kí a padà sí ọ̀dọ̀ ọmọdékùnrin tí ó dá jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Kòkòrò B àti C kì í ràn nípa bíbọ ara ẹni lọ́wọ́. Wọn kì í ràn nípa jíjókòó pọ̀, tàbí jíjẹun pọ̀ nínú àwo kan, tàbí fífi ife kan mu omi, tàbí ikọ́, tàbí dídì mọ́ ara ẹni. Ìyá tí ó ní oríṣi B lè fún ọmọ rẹ̀ ní ọyàn. Nítorí náà kò sí ìdí kan tí ọmọ náà fi ní láti jókòó ní ẹ̀yìn. Bí ó bá tilẹ̀ ní àrùn náà, ẹnikẹ́ni kò lè kó o nípa bíbá a ka ìwé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ti gba abẹ́rẹ́ wọn pé sì ti ní odi ní àyíká wọn. Ohun tí ọmọ náà nílò ni kí a mú un lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò; bí kò bá ní i, kí a mú abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé; bí ó bá ní i, kí dókítà máa tọ́jú rẹ̀, nítorí oògùn wà tí ó lè dá oríṣi B lẹ́kun, kí ó má lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ìyà tí a fi jẹ ẹ́ kò wo ẹnikẹ́ni sàn. Ohun tí ó ṣe ni pé ó kọ́ àwọn ìyá yòókù láti sá fún ilé ìwòsàn, kí a má bàa rí i ní ẹ̀jẹ̀ tiwọn, kí ojú má bàa ti ọmọ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìtìjú ṣe ń ba ètò ìjọba jẹ́ láti ẹ̀yìn.

Nínú gbogbo èyí, iṣẹ́ wo ni ó kan àwa tí a ń kọ́ láti di olùkọ́? Èkínní, kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ tiwa wò, kí a sì gba abẹ́rẹ́ bí a kò bá tíì gbà á, nítorí ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Èkejì, nígbà tí òbí bá mú ọmọ wá forúkọ sílẹ̀, kí a béèrè káàdì àjẹsára rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, kí a sì tọ́ka ọ̀nà sí ẹni tí tirẹ̀ kò bá pé. A kò gbọdọ̀ lé e padà. Ẹ̀kẹta, bí ọmọ bá farapa ní pápá, ẹni yòówù kí ó jẹ́, kí a fi ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́ kí a tó fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀, kí a dí egbò náà, kí a sì fi omi oògùn apakòkòrò nu ibi tí ẹ̀jẹ̀ kán sí. Bí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọmọ, a kò ní ya ọmọ kan sọ́tọ̀. Ẹ̀kẹrin, kí a má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni ti ẹnu wa jáde sí àdúgbò. Ẹ̀karùn-ún, ní ọjọ́ 28 oṣù Keje, tí í ṣe ọjọ́ ìbí Blumberg, tí gbogbo ayé sì yà sọ́tọ̀ fún ọ̀ràn àrùn yìí, kí a pe àwọn òbí jọ, kí a bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè tí ó yé wọn.

Ní ọdún 2016, àwọn orílẹ̀-èdè fi ẹnu kò pé nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2030, kí àwọn tí ń kó àrùn ẹ̀dọ̀ wíwú ní tuntun dín kù ní 90 nínú 100, kí àwọn tí ó ń pa sì dín kù ní 65 nínú 100. Àdéhùn ńlá ni. Ìjọba ni yóò ra abẹ́rẹ́, dókítà àti nọ́ọ̀sì ni yóò gún un; ṣùgbọ́n ẹni tí yóò mú kí ìyá kan ní abúlé gbà pé ọjọ́ kìíní sàn ju ọjọ́ kẹjọ lọ, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ olùkọ́ ọmọ rẹ̀ àgbà.

Ní ọjọ́ tí a ó kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti lọ kọ́ iṣẹ́ náà, ọmọdékùnrin náà ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí a mọ̀ nísinsìnyí, a kò mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ náà. A ti kọ ìwé sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, a sì ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó mú ọmọ náà bọ̀ sí iwájú. Kí Ọlọ́run kí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa wọ̀ ọ́ létí. Kí ó sì jẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ka èyí má ṣe rí irú bẹ́ǹṣì bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì yín kí ẹ sì dákẹ́.